Lẹ́tà sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: tábúlẹ́ẹ̀tì nínú kíláàsì, fóònù nílé

Ọ̀mù-Àràn, Ìpínlẹ̀ Kwara

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ sì kú ọyẹ́ tó mú yìí. Àwọn ọmọ ti wọlé, iṣẹ́ sì ti ń lọ ní pẹrẹu. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìsinmi wà nínú ìwé kékeré tí ọmọ yín mú wá sílé, n kò ní tún un sọ níbí. Ohun tí lẹ́tà yìí dá lé ni tábúlẹ́ẹ̀tì 40 tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti JSS 2 dé SS 2, àti fóònù tí a kò fẹ́ rí lọ́wọ́ ọmọ kankan nínú ọgbà wa. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń béèrè bí a ṣe ń gbé ọ̀kan wọlé tí a sì ń lé èkejì síta. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ yékéyéké.

Ilé-ẹ̀kọ́ ló ni tábúlẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní àgádágodo ni wọ́n ń sùn, olùkọ́ ló ń kó wọn jáde, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kó tó kó wọn. Àwọn ọmọ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wá ti mọ tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ olùkọ́ láti ìgbà tí KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Kwara, ti dé ní 2022. Níbẹ̀, olùkọ́ ló ń wò ó láti mọ ohun tó kàn láti kọ́ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ọmọ ló ń kàn án. Ọmọ méjì ń lo ọ̀kan, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: bí méjì bá jókòó tì í, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí, ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò sì ní ráyè lọ wá géèmù. Nínú ìṣẹ́jú 40 tí iṣẹ́ kan ń gbà, a kì í lò ó kọjá ìṣẹ́jú 15. Pátákó, ìwé àti bírò ló ni ìyókù.

Àpẹẹrẹ kan nìyí láti inú físíìsì SS 1. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀nà méjì tí a lè gbà so gílóòbù mọ́ bátìrì. Ọmọ á kọ́kọ́ ṣí PhET, ètò orí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, tí Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Á fi ìka fa bátìrì fóltì 9 wá, á fa wáyà, á fa gílóòbù kan tó jẹ́ 10 ohm (òdiwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́). Mítà á fi 0.9 ámpíà hàn, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Á wá to gílóòbù kejì tẹ̀lé àkọ́kọ́ lórí wáyà kan náà: ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á rẹlẹ̀, mítà á sì wálẹ̀ sí 0.45. Bó bá yọ ọ̀kan, èkejì á kú. Lẹ́yìn náà, á fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ láti ara bátìrì: méjèèjì á tàn yanranyanran, 0.9 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1.8 ni yóò sì máa jáde lára bátìrì. Bó bá yọ ọ̀kan, èkejì kò mira. Olùkọ́ á wá béèrè pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fi ṣe iná ilé yín. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, tábúlẹ́ẹ̀tì á padà sínú àpótí, wọ́n á sì fi wáyà, bátìrì àti gílóòbù gidi ṣe ohun kan náà. A kò gbọdọ̀ fo apá yìí. Bátìrì inú tábúlẹ́ẹ̀tì kì í rẹ̀, wáyà rẹ̀ kì í tú. Ti gidi máa ń rẹ̀, ojú ibi tí wáyà ti kanra á máa dọ̀tí, iye tí mítà bá sì mú wá kò ní bá ti ìwé mu. Ọmọ tí kò bá bá wàhálà yìí pàdé ní kíláàsì yóò bá a pàdé nínú práátíkà WAEC, níbi tí kò ti ní sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé fún un.

Bákan náà ni a ń lo GeoGebra, ètò tó ń ya gíráàfù lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, fún ìṣirò. Nígbà tí ọmọ bá fi ìka yí iye kan padà tó sì rí bí ìlà ṣe ń dìde tàbí bó ṣe ń dà sí ẹ̀gbẹ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tí olùkọ́ ì bá fi pátákó mẹ́ta yà ti yé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ya gíráàfù náà sínú ìwé onígun. Àròkọ, ìwé kíkà àti ìṣirò orí, a kì í lo tábúlẹ́ẹ̀tì fún wọn rárá. Ohun tí pátákó bá lè ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí pátákó ṣe é.

Àwọn kan nínú yín ti ń múra láti san owó dátà. Ẹ má san kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà ní ọ́fíìsì ìgbákejì ọ̀gá àgbà tí a gbé Kolibri sí, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọwọ́ àjọ Learning Equality, tí wọ́n dìídì ṣe fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò, ìwé àti ìdánrawò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ Wi-Fi ló ń gbé e dé kíláàsì, kò sì jáde kọjá ọgbà wa, nítorí náà ọmọ kò lè gba ibẹ̀ wọ Facebook tàbí TikTok. Ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́ ni pé kí tábúlẹ́ẹ̀tì 20 béèrè fídíò kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú gbogbo wọn á dúró, àwo kékeré á máa yí, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ léraléra, èyí tó tún ń mú un burú sí i. Bó bá jẹ́ fídíò ni, olùkọ́ yóò fi projector gbé ọ̀kan ṣoṣo sára ògiri. Bó bá jẹ́ ìdánrawò, ìlà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa wọlé tẹ̀ lé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 5,000 mAh ní fóltì 3.7, ìyẹn wáàtì 18.5 fún wákàtí kan. Ní ọ̀nà 40, ó di 740. Tí a bá fi èyí tó ń ṣòfò nínú ṣájà àti ìnfátà kún un, ó sún mọ́ 1,000, ìyẹn yúnítì kan lórí mítà. Ẹ ti rí i pé owó iná kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Àsìkò ni. A kì í fi wọ́n sí iná mọ́jú, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn, iná tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóru lè wá pẹ̀lú fóltì tó ju agbára ṣájà lọ. Sólà la ń lò: 20 láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan, 20 yòókù láti aago kan sí aago mẹ́rin. Bí bátìrì bá ti tó 80 nínú 100, a ó yọ ọ́, nítorí kíkún un dé góńgó lójoojúmọ́ máa ń tètè gbó o. Lásìkò ọyẹ́ yìí, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ á sì wálẹ̀. Aláàbójútó ọgbà ń fi aṣọ tútù nù ún láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, torí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á.

Eruku yìí kan náà ló ń di ihò ṣájà. Bí ẹ bá rí fóònù tí ṣájà kò wọlé tán mọ́, tàbí tó jẹ́ pé ó dìgbà tí ẹ bá tẹ wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gba iná, ẹ kọ́kọ́ wo ihò náà kí ẹ tó lọ ra ṣájà tuntun. Ẹ pa fóònù náà pátá, ẹ fi igi tín-ín-rín bíi ti ìtayín tú eruku rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́, nítorí irin lè so ohun tí kò yẹ kó so pọ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ: ìtọ́ ń bá afẹ́fẹ́ wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ dájú ni bátìrì tó wú. Ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, a ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì tó tẹ́jú, ojú sókè, a ó sì fi ìka kan tì í díẹ̀ ní igun. Èyí tó bá yí bí òkòtó, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ ikùn nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀ kúrò lára férémù, débi tí èékánná lè wọ àárín. A kì í tẹ̀ ẹ́ padà, a kì í gún un, a kì í sì fi sí iná mọ́. Ìta, lórí kọnkéré, jìnnà sí pépà àti aṣọ ni à ń gbé e sí títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Ẹ yẹ fóònù àti power bank ilé yín wò báyìí lálẹ́ òní. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa fi fóònù sí iná lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ooru rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí fóònù ọmọ. Ní 2018, ìjọba Faransé fi òfin de fóònù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún 15 wálẹ̀ ń lọ. Ní 2023, ìròyìn UNESCO lórí ẹ̀kọ́ sọ pé ibi tí ẹ̀rọ bá ti ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ nìkan ló yẹ ká lò ó nínú kíláàsì. Èrò tiwa náà nìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ kò ní síìmù, kò ní WhatsApp, iṣẹ́ ọjọ́ náà ló wà lójú rẹ̀. Fóònù ọmọ ní gbogbo ayé nínú. Èyí tí a bá gbà lọ́wọ́ ọmọ, a ó pa á lójú rẹ̀, a ó fi sínú àpòòwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, òbí fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá gbà á. Bí ẹ bá ní ìránṣẹ́ sí ọmọ yín, ẹ pe nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí káàdì sáà, a ó jẹ́ fún un kíákíá.

Ẹ̀yin òbí SS 3, tiyín yàtọ̀. Láti 2015 ni JAMB ti fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe UTME, WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe ní 2024. Ìbéèrè 180 ni ti JAMB, 60 ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì ni àsìkò rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọ fóònù tẹ̀ bí ẹni tẹ dùùrù lè kú sórí mouse, nítorí náà a kò fún SS 3 ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti fi bọ́tìnnì mẹ́jọ dáhùn láìfọwọ́ kan mouse: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí ìpinnu fífi sílẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn dúró sọ́jà lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Nílé, fóònù yín ni iṣẹ́ àṣetiléwá ń gbà wọlé, kì í ṣe ti ọmọ. Inú ìwé ni yóò ti ṣe é, ẹ ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ bí olùkọ́ bá béèrè. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí a ń rí gbà kò ṣeé kà. Ẹ yà á ní ojúmọmọ, lẹ́bàá fèrèsé, ẹ má tan fláàṣì, ẹ mú fóònù dúró gangan lókè ìwé, kí òjìji yín má bo ó. Nínú WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, torí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un kéré, lẹ́tà á sì di bàìbàì. Òbí tí kò bá rọrùn fún láti kọ̀wé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì. A ń gbọ́ ọ, a sì ń dáhùn.

Ẹ kíyè sí àwọn ètò tó ń dá èèyàn lóhùn bí ènìyàn, bíi ChatGPT, àti Meta AI tó wà nínú WhatsApp. Ọmọ á ya ìbéèrè, ìdáhùn á jáde, á dà á kọ. Àwọn olùkọ́ wa ti ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú pátákó kí ó ṣàlàyé ìlà kejì iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń hàn. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé láìmọ físíìsì: ẹ kàn ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Bó bá ti yé e, yóò lè sọ ọ́.

Bí ọmọ bá ti ní fóònù nílé, ẹ gbé Family Link tí Google ṣe sórí tiyín, ẹ so ti ọmọ mọ́ ọn, ẹ fi iye wákàtí àti aago tí yóò tì pa lálẹ́ sí i. Ibi tó sábà ń bàjẹ́ sí ni pé wọ́n ti fi ọjọ́ orí àgbàlagbà ṣí Gmail fún ọmọ tẹ́lẹ̀, Family Link kò sì ní gbà láti ṣọ́ àgbàlagbà. Ẹ ṣí tuntun fún un pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an.

Ìwé àṣẹ kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2023, béèrè àṣẹ òbí kí a tó tọ́jú ìsọfúnni ọmọ. Orúkọ, kíláàsì àti máàkì nìkan ni Kolibri wa ń tọ́jú. Apá kejì ìwé náà béèrè bóyá a lè ya fọ́tò ọmọ yín nígbà iṣẹ́. Bí ẹ bá kọ̀, kò ní dí ọmọ lọ́wọ́ láti lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ó padà sọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ìpàdé PTA yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì, aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú gbọ̀ngàn. Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá yóò wà lórí tábìlì fún ẹ̀yin náà láti so gílóòbù pọ̀. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Òrò, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin, ẹ tètè gbéra.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́