Ṣadé, jókòó kí o tó kà á

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? N kò lè fi eléyìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí mo mọ ẹni tí fóònù rẹ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́.

Òtútù ti dé síbí. Wọ́n ti fi kún owó ilé wa. Bọ̀dá tó ń kọ lẹ́tà sí ẹ ní SS2 ti joyè, mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí Facebook: ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. O kú orí ire tí o fi sá.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé: mo ti lóyún. Ọ̀sẹ̀ 17. Má pariwo, wọ́ọ̀dù lo wà. Nọ́ọ̀sì ibí bi mí bóyá àkọ́kọ́ ni, mo ní ẹ̀kẹta. Ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé àwọn méjì tó kù ń bọ̀ lọ́nà.

Ìwọ náà wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi ìwádìí lórí ibi ọmọ àwọn obìnrin mìíràn jẹun ní láàbù ní Cambridge níbí. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníyìnyín ni wọ́n ti ń gbé e wá bá mi. Màámi bi mí nígbà kan pé ṣé a máa ń rì í tí a bá ti lò ó tán, torí tibi-tire la bí ọmọ. Mo purọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

O rántí ìbéèrè tí mo ń fi dà ẹ́ láàmú ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Bí wọ́n bá gbé kíndìnrín Kúnlé sí mi lára, ara mi á gbógun tì í. Báwo ló ṣe wá ń gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra fún oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí ìdajì ọmọ jẹ́ ti Kúnlé? Medawar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní Bràsíìlì, ti béèrè rẹ̀ láti 1953. Títí di òní, a kò tíì rí i dáhùn tán.

Nínú àwọn ọmọ ogun ara tó ń gbé ilé ọmọ nígbà tí oyún ṣì kéré, nǹkan bí 70 nínú 100 ló jẹ́ irú kan ṣoṣo. Natural killer ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ burúkú fún ọmọlúàbí! Kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun àti sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ ló jọ ń dúnàádúrà bí ibi ọmọ yóò ṣe wọlé jìnnà tó, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá lè fẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ra yé, iṣan á há, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ibi ọmọ, BP ìyá á sì fò sókè bó bá yá: pre-eclampsia nìyẹn. Ìyá Kẹ́hìndé, Ṣadé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ashley Moffett, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge níbí, àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi hàn ní 2004 pé bí jíìnì KIR ìyá (èyí tó ń darí natural killer) bá jẹ́ irú AA, tí ọmọ sì gbé HLA-C2 (àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀) wá, ewu náà pọ̀ sí i. C2 yìí ló sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Annettee Nakimuli, dókítà ará Uganda, gbé ìwádìí yẹn lọ sí ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, nígbà tó sì di 2015 wọ́n rí àkójọ jíìnì kan lára àwọn obìnrin ibẹ̀ tó ń dáàbò bò wọ́n, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lára òyìnbó. Ọjọ́ tí mo kà á, mo jó nínú ọ́fíìsì.

Ẹ̀jẹ̀ mi àti ti Kúnlé wà nínú fírísà wa. Kò gbà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, màá ti mọ̀ bóyá AA ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí fírísà yẹn, mú ti ẹlòmíràn, kí n sì pa á dé. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Oyún ti wà níkùn.

BP mi lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 132/86. Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀. Kò sí purotéènì nínú ìtọ̀ mi. Mò ń lo aspirin 150mg lálaalẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 12. Ìwádìí 2017 ní ó ń dín irú pre-eclampsia tó máa ń mú kí wọ́n tètè gbẹ̀bí kù ní 62 nínú 100. Ṣebí o mọ̀ mí. 38 tó kù ni mò ń bá sùn.

Jọ̀ọ́, Sátidé tó ń bọ̀, lọ bá Màámi fún mi. Má pè é lórí fóònù. Jókòó tì í, sọ fún un, kí o sì wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o lè ròyìn fún mi. Kó má kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ó kéré tán kó dúró dìgbà tí n bá pé oṣù méje. Bó bá bi ẹ́ nípa BP, agbẹ̀bí ni ẹ́, o mọ irọ́ tó dára jù.

Yóò bi ẹ́ nípa ibi ọmọ náà. Sọ fún un pé n kò ní gbé eléyìí lọ sí láàbù. Kúnlé ti yan ibi tí a máa rì í sí lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ápù onílé. Onílé kò tíì mọ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti dé, wọ́n ń pè mí.

Tìrẹ,
Tóyìn