Lẹ́tà sí Bàbá mi lórí fíìmù àyà wọn

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Ara gbogbo wa le níbí, àwọn ọmọ-ọmọ yín ń kí yín.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ Ọjọ́rú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní dókítà sọ pé kò sí àbùkù nínú fíìmù àyà yín tí wọ́n fi X-ray yà, pé ikọ́ ọyẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ gbé fíìmù náà sókè sí ojú fèrèsé, apá ọ̀tún ni ẹ ti rí òjìji ọkàn, ẹ sì ti ń rò ó pé bóyá fíìmù ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún yín, tàbí pé ọkàn yín ti ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀. Ó dùn mí pé ẹni tí ó ya àwòrán náà kò lo ìṣẹ́jú kan láti ṣàlàyé fún yín. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí gan-an nìyẹn, mo sì mọ̀ pé fóònù máa ń já kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí àbúrò mi lè máa kà á fún yín bí ẹ ti di fíìmù náà mú.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀: ọkàn yín wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Bí a ṣe ń wo àwòrán àyà ni pé a máa ń gbé e sójú bí ẹni pé ẹni náà dúró tí ó kọjú sí wa. Bí èmi àti ẹ̀yin bá dojú kọ ara wa, ọwọ́ òsì yín ni yóò wà ní ìhà ọwọ́ ọ̀tún mi; bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn yín ṣe bọ́ sí ọ̀tún lójú ẹni tí ń wo fíìmù. Ìfẹ́ ni àbúrò mi fi yí fíìmù náà padà kí ọkàn lè bọ́ sí òsì, ṣùgbọ́n òdì ni ó yí i sí. Ẹ wo lẹ́tà funfun kékeré kan ní igun òkè rẹ̀. Irin ni a fi ń ṣe lẹ́tà yẹn, a sì máa ń fi í lélẹ̀ kí a tó ya àwòrán, R fún ọ̀tún, L fún òsì. Bí ẹ̀yìn lẹ́tà náà bá kọ sí yín, a jẹ́ pé ẹ̀yìn fíìmù ni ẹ ń wò. N kò fojú kékeré wo lẹ́tà yẹn rárá, nítorí àwọn ènìyàn kan wà, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀, tí a bí pẹ̀lú ọkàn ní ọ̀tún lóòótọ́, tí ẹ̀dọ̀ wọn wà ní òsì, tí gbogbo inú wọn dà bí ohun tí a wò nínú dígí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbó kí ó tọ́ láìsí wàhálà, àmọ́ bí kò bá sí lẹ́tà náà, fíìmù rẹ̀ àti fíìmù ẹni tí wọ́n gbé sódì kò ní ìyàtọ̀ lójú wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní odò ẹran Bódìjà kò ní nílò pé kí n sọ ohun tí ó wà nínú àyà fún yín. Bí ti ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí ti màlúù nìkan ni ó kù. Àyà màlúù há láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì jìn láti ẹ̀yìn wá sí ìsàlẹ̀. Tiwa fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju bí ó ti jìn lọ. Egungun ìhà màlúù jẹ́ 26, 13 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ènìyàn jẹ́ 24, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹ má sì gbà fún ẹni tí ó bá ní ti ọkùnrin dín ọ̀kan. Láti ara ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ti wá. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, méje àkọ́kọ́ ni ó mú egungun àárín àyà fúnra wọn, pẹ̀lú egungun rírọ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń jà sí nínú ọbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bisikíìtì bóònù. Mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ń fara ti ti keje, méjì ìsàlẹ̀ kò sì dé iwájú rárá. Nítorí pé ìtànṣán X-ray ń la egungun rírọ̀ yẹn kọjá, àyàfi bí ọjọ́ orí bá ti mú un le, ẹ ó rí i lórí fíìmù bí ẹni pé egungun ìhà gé kí ó tó dé àárín. Kò gé, Bàbá.

Àwọn ibi dúdú ńlá méjì tí ó wà láàárín egungun ni fùkù. Afẹ́fẹ́ kì í dí ìtànṣán lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ó fi dúdú; ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ń dí i níwọ̀n, egungun ń dí i gan-an. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí Wilhelm Röntgen, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàwárí ìtànṣán yìí, rí ní Jámánì ní ọdún 1895 ni a ṣì ń lò. Fùkù ọ̀tún ènìyàn pín sí mẹ́ta, ti òsì pín sí méjì péré, ọkàn sì ti jẹ díẹ̀ nínú ààyè ti òsì. Ẹ ó rántí pé ní ara gògóńgò màlúù, ọ̀pá tí èémí ń gbà lọ sí fùkù, ẹ̀ka kan máa ń yà sínú fùkù ọ̀tún kí gògóńgò fúnra rẹ̀ tó pín sí méjì. Tiwa kò ní ẹ̀ka àkọ́yà yẹn. Bí ẹ bá fi ìka wọ́ egungun àárín àyà yín láti ìdí ọrùn lọ sísàlẹ̀, ẹ ó kan ibi kan tí ó yọ bí òkìtì kékeré: ibẹ̀ ni egungun ìhà kejì ti so mọ́ ọn, ní ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún sì ni gògóńgò ti pín. Ẹ̀ka ọ̀tún gbòòrò, ó sì dúró ṣánṣán ju ti òsì lọ, nítorí náà ni ẹ̀pà tí ó bá ṣìnà sínú ọ̀nà èémí ọmọdé ṣe sábà máa ń gba ọ̀tún lọ.

Ẹ máa ń sọ pé bí ọ̀bẹ bá ti la àyà ẹran, fùkù á súnkì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí láǹfààní ní ilé ìwé ju ìwé mìíràn lọ. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan bo fùkù, èkejì tẹ́ ara ògiri àyà láti inú, omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn. Gbogbo ìgbà ni fùkù fẹ́ súnkì, gbogbo ìgbà ni ògiri àyà ń fà á padà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè wọ àárín awọ méjèèjì, fùkù á ṣe ohun tí ó ti ń fẹ́ ṣe. Bí omi bá pọ̀ jù níbẹ̀, igun ìsàlẹ̀ fíìmù ni yóò ti kọ́kọ́ hàn, igun náà á kún, kò ní mú ṣóńṣó mọ́. Igun yín méjèèjì mú ṣóńṣó.

Láàárín fùkù méjèèjì ni ọkàn wà nínú àpò rẹ̀, ó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí ó ni ín. Gbogbo wa ń sọ pé òsì ni ọkàn wà, ṣùgbọ́n àárín ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó tẹ̀ sí òsì. Ó dùbúlẹ̀ díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì kọ sí òsì, sí ìsàlẹ̀ àti síwájú. Ẹ fi ìka kan abẹ́ ọmú òsì yín, láàárín egungun ìhà karùn-ún àti ìkẹfà: bí ẹ bá gbọ́ ìlù rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rí tí ẹ ń wá nìyẹn, kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú fíìmù. Iyàrá ọ̀tún ọkàn ni ó kọjú síwájú, ti òsì lókè sì fẹ̀yìn ti ọ̀nà oúnjẹ, èyí tí kì í hàn dáadáa lórí irú fíìmù yìí. Egungun kékeré tí ẹ máa ń bá nínú ọkàn màlúù kò sí nínú tiwa. Àwa a máa wọn ìbú òjìji ọkàn mọ́ ìbú inú àyà, bí kò bá ju ìdajì lọ, ó dára. Mo wọn tiyín lórí àwòrán tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Kò tó ìdajì.

Ẹ ó ha rántí màlúù yẹn tí ẹ là ní ọjọ́ tí mo bá yín lọ sí odò ẹran, tí ìṣó wà nínú àpò ọkàn rẹ̀? Mo bi yín bí ohun tí ẹran fi ẹnu gbé mì ṣe dé ọkàn, ẹ sì dá mi lóhùn pé ògiri kan ṣoṣo ni ó pààlà wọn. Àpò ikùn tí ojú rẹ̀ dà bí afárá oyin ni ìṣó ti yọ, ó la ògiri náà kọjá, ọkàn ni ó sì bá lódì kejì. Ògiri yẹn náà ni ìlà funfun méjì tí ó ta bí òrùlé ní ìsàlẹ̀ fíìmù yín. Ẹran ni, ó tẹ́ bí awọ ìlù, ìhò ńlá mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀: ti iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ti ọ̀nà oúnjẹ, ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń lọ sí ìsàlẹ̀ ara. Òrùlé ọ̀tún ga díẹ̀ ju ti òsì lọ, ẹ̀dọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ti òsì, ẹ ó rí dúdú kékeré kan bí èso. Afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù ni. Nígbà tí màlúù ń gbé ọkàn rẹ̀ sórí egungun àyà, orí ògiri yìí ni tiwa jókòó sí, àpò rẹ̀ tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá mí sínú, ògiri á sọ̀ kalẹ̀, ọkàn á bá a lọ. Ẹ bínú pé wọ́n ní kí ẹ fi àyà lé pátákó, kí ẹ yí èjìká síwájú, kí ẹ mí sínú kí ẹ sì dá a dúró. Wọn kò fi yín ṣeré. Èémí yẹn ni ó fẹ fùkù dé ìsàlẹ̀, èjìká tí ẹ yí ni kò jẹ́ kí egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn bo fùkù lójú.

Ẹ má ṣe ká fíìmù náà o, ẹ jẹ́ kí ó wà ní títẹ́ nínú àpò tí wọ́n fi kó o fún yín, kí ẹ sì mú un dání bí ẹ bá tún lọ rí dókítà, kí wọ́n lè fi wé tuntun. Mo kí Ìyá mi àti gbogbo ará ilé. Kí àbúrò mi tó tọ́jú fíìmù náà, kí ó kọ́kọ́ yí i padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí lẹ́tà náà ṣeé kà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní.