Àdùkẹ́, mo ti ka ìwé tí o fi rán mi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí. Iná ò sí láti àná, àmọ́ ẹ̀mí ń bẹ.

The Bluest Eye, ìwé ìtàn àròsọ Toni Morrison tí o fi rán mi, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹkún ni mo fi ka ti àkọ́kọ́. Nígbà kejì ni mo tó mú pẹ́ńsùlù. O mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mò ń gbà nímọ̀ràn, ẹ̀kọ́ Carl Rogers, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, sì ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ bàbá náà ò le: ọmọ tó bá rí ẹni tó gbà á bó ṣe rí, láìsí àdéhùn, yóò dàgbà di ẹni tó yẹ kó jẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìfẹ́ "bí o bá" ni wọ́n ń bù fún un, bí o bá gbọ́ràn, bí o bá mọ̀wé, bí o bá funfun, ojú ẹlòmíràn ni yóò máa fi wo ara rẹ̀. "Bí o bá funfun" yẹn kò sí nínú ìwé Rogers o. Èmi ni mo fi kún un, nítorí Pecola inú ìtàn náà, ọmọ adúláwọ̀, ọmọ ọdún 11 tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún òun ní ẹyinjú búlúù.

Ibi tí mo ti pa ìwé dé ni ilé ìdáná yẹn. Ìyá Pecola ń ṣiṣẹ́ ilé fún òyìnbó olówó kan létí adágún. Ọmọ rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó fọwọ́ kan àwo oúnjẹ eléso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, àwo fọ́n sílẹ̀, omi èso gbígbóná ta sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìyá ò wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbá a létí, ó lé e jáde, ó wá yíjú sí ọmọ òyìnbó tó ń sunkún, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní òun á ṣe òmíràn fún un. Wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, Àdùkẹ́. Ọmọ òyìnbó bíńtín yẹn, "Polly" ló ń pe ìyá yìí, gbàǹgbà, bí ẹní ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀. Pecola tó jáde nínú ara rẹ̀, "Mísíìsì Breedlove" ló ń pè é. Ẹlòmíràn lè kà á kó kọjá. Èmi tí wọ́n bí sílé Yorùbá, mi ò lè kọjá.

Ilé Claudia, ọmọ ọdún 9 tó ń sọ ìtàn, kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù ń wọlé. Claudia ṣàìsàn, ó bì sórí ibùsùn, ìyá rẹ̀ ń nu èébì, ó ń ráhùn. Ọmọ rò pé òun ni ìyá ń bínú sí. Ẹ̀yìn ìgbà ló yé e pé àìsàn ni ìyá ń bá jà. Lóru, tí ikọ́ bá mú un, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀, ọwọ́ á wá bá a tún aṣọ ṣe. Màmá mi nìyẹn! O rántí bó ṣe máa ń fi Robb pa mí láyà, tó ń ṣépè fún òjò tí mo lọ jó nínú ẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ ò sì dúró? Ohùn tútù ni wọ́n kọ́ wa láti máa fi gba ọmọ mọ́ra. Mo rò pé wọ́n fo nǹkan kan dá níbẹ̀.

Maslow, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kejì tí wọ́n kọ́ wa, ni mi ò rí lò. Oúnjẹ àti ààbò ló fi ṣáájú ìfẹ́ nínú ohun tó kọ ní 1943, òun náà sì gbà pé ètò náà kì í le koko. Ilé méjèèjì yìí ò kúkú lówó, síbẹ̀ ìfẹ́ wà nínú ọ̀kan.

Orúkọ rẹ ni mo wá ń rò. Ọjọ́ mélòó lo ti lò láyé tí wọ́n fi sọ ẹ́ ní Àdùkẹ́? O ò tíì mọ̀wé, o ò tíì gbọ́ràn, ìtọ̀ nìkan lo mọ̀ ọ́n tọ̀, wọ́n sì ti ń du kíkẹ́ rẹ. Àbẹ̀kẹ́ tèmi náà, wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó rí mi kẹ́. Mi ò sọ pé ilé wa ò ní "bí o bá" tiẹ̀ o. Ìwọ kọ́ ni wọ́n nà torí pé o ṣe ipò kejì?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Lorain ní Ohio, níbi tí wọ́n bí Toni Morrison sí ní 1931, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàárín 1940 sí 1941. Ọdún 1940 yẹn náà ni Rogers dé Ohio State University láti máa kọ́ni, ní Columbus tí o wà yìí! Ìpínlẹ̀ kan náà.

Rogers sọ nípa pòtétò tí wọ́n kó sí yàrá abẹ́ ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé: nínú òkùnkùn, wọ́n ń hu ọmọ funfun játijàti, wọ́n ń nà lọ sí ọ̀nà fèrèsé kékeré kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń làkàkà láti dàgbà, níbi yòówù kó wà. Èmi tí mo mọ bí iṣu ṣe ń ta nínú àká, ó yé mi. Ṣùgbọ́n Claudia àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbin irúgbìn òdòdó marigold kí ọmọ inú Pecola lè yè (ọ̀rọ̀ bàbá tó fún un lóyún yẹn, mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà), ìkankan ò hù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Claudia fi rò pé òun ló gbìn ín jìn jù. Ìgbà tó dàgbà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilẹ̀ wíjọ́. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé: Bàbá Rogers, ta ló kó pòtétò sínú òkùnkùn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan jókòó síwájú mi. Ojú ẹ̀ pọ́n, oríkèé ìka ẹ̀ dúdú kirikiri. O mọ irú ìpara tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn ti wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ó dúdú jù. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní màmá òun ni. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá náà, Ọjọ́bọ̀ ló ní òun á wá. Ìwé yìí wà lórí tábìlì mi, mi ò tíì mọ ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún un, yàtọ̀ sí "ẹ káàbọ̀, Mà".

Bó o bá ráyè ní Sátidé kan, wa mọ́tò lọ sí Lorain, kò lè ju wákàtí méjì ó lé díẹ̀ lọ. Ya fọ́tò adágún Erie fún mi. Sì bá mi wo iwájú ilé àwọn èèyàn, bóyá wọ́n ń gbin marigold.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Màmá ní kí n kí ẹ, wọ́n tún ní ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́