Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Àkúrẹ́, nípa alábàárù tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù

Lọ́ńdọ̀nù

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Owó tí mo fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ojú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra ọjà. Mo mọ̀ yín.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa alábàárù tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ọjà Ọba. Ẹ ní egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn, àwọn ìyá aláta ní ó tẹ nǹkan ni, ẹ wá bi mí pé oògùn wo ni kí ẹ rà fún un. Oògùn kọ́ ló kàn, Àǹtí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sùn níta pọ̀ nílùú òyìnbó náà. Wọ́n ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ afárá, nínú bọ́ọ̀sì òru. Àwa nọ́ọ̀sì kan wà tó ń lọ bá wọn níbẹ̀. Wọn kì í sanwó kí wọ́n tó rí dókítà àdúgbò. Wọn ò sì nílò ìwé àdírẹ́sì kankan láti forúkọ sílẹ̀, àmọ́ àwọn akọ̀wé kan ṣì ń lé wọn padà nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ kan tiẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ X-ray kiri Lọ́ńdọ̀nù láti yẹ àyà wọn wò nítorí ikọ́ ife. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ṣírò àwọn aláìnílé tó kú ní England àti Wales lọ́dún 2021, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 45 fún ọkùnrin àti 43 fún obìnrin. Ẹ̀yin ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì ń pe ara yín lọ́mọdé.

Ẹ wo ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Ínsúlínì tí wọn ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Níbo ni ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá ti fẹ́ rí fíríìjì? Bí wọ́n bá jí àpò rẹ̀, oògùn bá a lọ nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà kọ oògùn tó ń mú ni tọ̀ léraléra fún un, kò lò ó. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í gbọ́ràn. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, níbo ni kí n máa tọ̀ sí lóru?" Mi ò rí èsì fún un. Àwọn tó ń sùn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀ láti alẹ́ dòwúrọ̀ á máa wú ni, awọ á fẹ́lẹ́, á bẹ́, egbò á dé. Bí a bá wẹ̀ ẹ́ tí a sì dì í, òjò á tún rẹ báńdéèjì náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè bí alábàárù yín ṣe ń sùn. Ẹ ní ó ń fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ni, tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn tó ti ru ẹrù láti àárọ̀! Ẹ bá a wá àyè nínú yàrá ẹ̀yìn níbi tí ẹ ń kó páálí sí, kó lè dùbúlẹ̀ kó sì gbé ẹsẹ̀ sórí nǹkan. Mo mọ̀ pé Bàbá Ṣeun á ní yóò jalè. Ẹ kó ọjà síwájú, kí ẹ ti ilẹ̀kùn àárín.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú un lọ sí kẹ́míìsì kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Omi tí ẹ sè, tó ti tutù, ni kí wọ́n fi wẹ egbò náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kápúsù sójú egbò náà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa nìyẹn nílé. Kí nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà máa dì í. Èmi ni màá san owó káàdì, ìbọ̀wọ́ àti òwú, nítorí mo mọ̀ pé aláìsàn ni wọ́n máa ń ní kó rà á. Bí ẹsẹ̀ bá ń dúdú, tàbí tí ibà dé, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dè mí.

Òfin ìlera ọdún 2022 ní Nàìjíríà dá owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tálákà, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè NIN lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, torí wọn ò lè kọ "alábàárù" síbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti yẹ ṣúgà náà wò, ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ránṣẹ́ sí mi, àárọ̀ tàbí òru. Ẹ bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Ìyá Tẹ́ní