Sìmẹ́ńtì kọ́ ló yẹ ògiri amọ̀ Àgbádárìgì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Marina àti àdúgbò ẹ̀yìn rẹ̀ ní Àgbádárìgì ló mú wa kọ̀wé. Àwọn onílé kan ti ṣetán láti wó tiwọn, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, wọn kì í pe ayàwòrán ilé. Ti àwọn wọ̀nyí ló ń dùn wá jù, torí owó wọn á lọ, ilé á sì tún wó.

Ilé lè kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n kọ́ ní 1863 ló di mùsíọ́ọ̀mù níbí. Ní Èkó, ayàwòrán ilé Theo Lawson ló sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street di Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní 2010, tí wọ́n sì ń kọrin, tí wọ́n ń ṣeré ìtàgé níbẹ̀ títí di òní.

Ara ògiri ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Omi ilẹ̀ máa ń gòkè wọ inú ògiri amọ̀, atẹ́gùn á sì fà á jáde lójú ògiri. Bí ẹ bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi ò ríbi gbà jáde mọ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa rọ̀ nígbà tí ojú sìmẹ́ńtì ṣì ń dán. Ẹ fi ìka kan ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí: ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti kúrò lára amọ̀. Ẹ fi sísẹ́ẹ̀lì kékeré yọ ọ́, ẹ má fi hámà ńlá lù ú. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà ẹ fi láìmù rẹ́ ẹ, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, tí wọ́n sì ti fi omi pa. Ìwọ̀n láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta ni. Ẹ pò ó mọ́ omi, kó sùn mọ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, torí ó ń jó ara, ó sì léwu fún ojú. Ìrẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ntímítà 1 lọ. Ẹ máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, lẹ́búlẹ́bú ni yóò máa já bọ́. Yanrìn òkun wà nítòsí wa, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó. Iyọ̀ inú rẹ̀ á máa jáde ní funfun lójú ògiri, á sì jẹ irin. Yanrìn odò ni kí ẹ rà.

Ẹ wo ìta náà. Ọdún dé ọdún ni wọ́n ń da yanrìn sí àgbàlá, tí wọ́n ń tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì lé e, títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ti inú yàrá lọ. Kò sí ìrẹ́ tó lè gba irú ògiri bẹ́ẹ̀ là. Ẹ kó o kúrò títí ìta á fi rẹlẹ̀ ju inú lọ, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà dagun kúrò lára ilé, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ dé ìpìlẹ̀, torí ìpìlẹ̀ ilé amọ̀ kì í jìn.

Kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan, wíwọ̀n ló kọ́kọ́ máa ṣe. Yàrá àtijọ́ kì í sábà gún régé, nítorí náà kó wọ̀n ọ́n láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Níbi tí ògiri bá ti là, kó lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ sí i. Bí gíláàsì náà bá fọ́ kí òjò tó tán, ilé ṣì ń rìn, ẹnjiníà ló kàn. Kó fi ọ̀bẹ gún orí igi àjà níbi tó ti wọ inú ògiri, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin àti ikán ti ń bẹ̀rẹ̀. Àárín igi lè le koko nígbà tí orí rẹ̀ ti jẹrà.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ilé ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjà ilé gbígbé, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ fún nǹkan bíi kílò 150 sí 200 lórí mítà kan níbùú-lóròó. Gbọ̀ngàn tí èrò yóò dúró sí lè tó 500. Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí gbọ̀ngàn wà nísàlẹ̀, kí yàrá àlejò wà lókè. Bí ẹ bá sì fẹ́ fẹ ilẹ̀kùn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi òpó gbé òkè ró, kí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì tuntun, ìyẹn igi tàbí kọnkéré tó ń gbé ògiri orí ilẹ̀kùn ró, sì jókòó sórí ògiri ní sẹ̀ntímítà 30 ó kéré tán ní apá kọ̀ọ̀kan.

Yíyí iṣẹ́ ilé padà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPPPA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́. Èdìdì ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán, kí ẹ béèrè ti COREN, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà, lọ́wọ́ ẹnjiníà. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé fọwọ́ síwèé kí ẹ tó náwó kankan.

Nínú náírà 100 tí ẹ bá ṣírò, ẹ fi 15 sí 20 mìíràn pamọ́, torí ilé àtijọ́ kì í tán àṣírí rẹ̀ àfi bí wọ́n bá tú u. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé náírà 5 nínú 100 owó kọńtírákítọ̀ á wà lọ́wọ́ yín títí òjò ọdún kan yóò fi kọjá lórí iṣẹ́ náà, kí ẹ tó san án.

Àwa ayàwòrán ilé àti bíríkìlà tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe,
Àgbádárìgì.