Ẹ̀sùn lórí Dátà Roaming tí Mo Rà Lọ sí Brazil

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dátà roaming, ìyẹn dátà tí èèyàn fi ń lo síìmù ilé lókè òkun, tí mo rà lọ́wọ́ yín kí n tó lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. ₦25,000 lẹ gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú n'Íkẹjà ní gbogbo nǹkan ti tò, pé bí mo bá ti gúnlẹ̀ ni dátà náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí, àpérò lórí Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Brazil, ló gbé mi lọ. Lóde òní, inú fóònù ni ọ́fíìsì olùkọ́ tó bá wà lájò máa ń wà. Orí Google Drive ni bébà tí mo fẹ́ kà wà, orí WhatsApp ni mo ti ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn, orí Zoom ni mo sì fẹ́ ti kọ́ wọn ní aago méjì ọ̀sán Salvador, tó jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbí. Mo tiẹ̀ ti ṣèlérí pé màá fi fídíò mú wọn rìn yíká Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador, kí wọ́n rí àwọn ìyá alákàrà tó ń dín àkàrà lójú pópó, kí wọ́n sì rí Casa do Benin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti wà níbẹ̀ láti 1988.

A gúnlẹ̀, fóònù gbé orúkọ nẹ́tíwọ̀kì Brazil sókè, àmì nẹ́tíwọ̀kì kún. Dátà ò ṣí nǹkan kan. Mo pa fóònù, mo tàn án, mo yọ síìmù, mo tún un kì bọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Ohun kan ṣoṣo tó ń lọ ni owó ìpè mi: ₦11,400 tí mo kó sórí ẹ̀ nítorí pàjáwìrì ni ẹ fà tán, ẹ ní owó dátà ni. Dátà tí kò lè ṣí WhatsApp, báwo ló ṣe rí owó jẹ?

Ẹ má sọ pé kí n ra síìmù ibẹ̀. CPF, nọ́ńbà owó orí wọn tó ní dígíìtì 11, ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra síìmù, àlejò tó wá ṣe àpérò ò sì ní in. Ìdí tí mo fi ra tiyín látilé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kóòdù ló dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n pè mí kí n wá ka bébà, mo fẹ́ ṣí Drive lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn àpérò. Google rí i pé ilẹ̀ àjèjì ni mo wà, ó ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà mi. Àwọn èèyàn jókòó, alága ń wo aago, kóòdù ò dé. Mo ní kó tún un fi ránṣẹ́. Fóònù dún, mo sáré gbé e. Ẹ̀yin ni! Ẹ ní kí n tẹ 1 kí n lè gba orin tuntun tí yóò máa dún fún ẹni tó bá pè mí.

Ọ̀nà tí ìpolówó yín gbà dé Salvador, ta ló dí i mọ́ kóòdù Google? Orí ni mo fi ka bébà náà, láìsí àwòrán kankan fún wọn láti wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòdù báńkì mi ò ṣe wọlé títí mo fi padà. Mo mọ̀ pé app tó ń pèsè kóòdù fúnra rẹ̀ wà, ó sì wúlò fún Google, àmọ́ báńkì mi ò mọ ìyẹn. Nọ́ńbà tí mo so mọ́ NIN nìkan ni wọ́n mọ̀, nọ́ńbà yín sì ni.

Nọ́ńbà ìtọ́jú oníbàárà, 300, tí gbogbo ẹ̀yin ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń lò láti 2023, kò wọlé láti Brazil. Mo bá fi wáífáì hòtẹ́ẹ̀lì kàn sí yín lórí X (wáífáì yẹn náà ni mo padà fi kọ́ àwọn ọmọ). Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó ní kí n pe 300. Nígbà tí èèyàn wá yọjú, ó ní kí n kọ NIN mi síbẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti ń kà á.

Owó mi ni kí ẹ dá padà, ₦25,000 àti ₦11,400, sínú àkáǹtì mi. Mi ò gba bónọ́ọ̀sì. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ohun tó ṣe àwọn kóòdù yẹn tí kò ṣe ìpolówó yín. Ẹ tún wá nọ́ńbà WhatsApp kan, tí èèyàn gidi jókòó tì, fún oníbàárà tó bá wà lókè òkun.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí mi ò gbúròó yín, màá pe NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ẹ̀yin ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, lórí 622. Ìyẹn á wọlé, mo ti wà nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín n'Íbàdàn.