Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ro bóyá kí òun tún GMAT ṣe

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí èsì GMAT, ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé ìwé ẹ̀kọ́ òwò, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí ìbéèrè tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣé kí n tún un ṣe?" Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn wéréwéré lórí fóònù, torí ìmọ̀ràn tí o ti gbọ́ láti ìgbà tí èsì náà ti jáde ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní kí o gba kádàrá, àwọn kan ní o ò gbọ́dọ̀ gbà láéláé. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ní kí o fi èsì náà han òun kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ti jókòó tì í, mo sì ti kà á dáadáa.

Àpapọ̀ rẹ jẹ́ 595. O gba 82 nínú Quant (ìṣirò), 83 nínú Verbal (òye èdè), 74 nínú Data Insights (kíka àtẹ àti dátà). Ìdáhùn ìbéèrè rẹ ti wà nínú máàkì mẹ́ta yìí, kì í ṣe nínú àpapọ̀ tó ń dùn ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìdánwò tuntun yìí jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, bákan náà ni apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń wọ inú àpapọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń sọ fún ọ pé kí o má ka Data Insights sí, ìdánwò ìgbà tiwọn ló wà lọ́kàn wọn. Nígbà náà, Integrated Reasoning, apá tó jọ Data Insights, ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì kan àpapọ̀ rárá. 700 tí wọ́n ń tẹnu mọ́ náà ò sí mọ́. Láti 205 dé 805 ni àpapọ̀ ìsinsìnyí, 5 ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Nínú tábìlì tí GMAC, àwọn tó ni ìdánwò náà, fúnra wọn fi ṣe àfiwé, ẹ̀gbẹ́ 700 àtijọ́ ni 645 ìsinsìnyí bọ́ sí. Nítorí náà, má fi 595 rẹ wé máàkì ẹni tó ṣe ìdánwò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí o má baà máa sunkún lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí o fi wé e ni ìdánrawò tí ìwọ fúnra rẹ ṣe. Nínú èyí tí àwọn tó ni ìdánwò ṣe, o gba 635, o tún gba 645, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Ká ní 595 tàbí 605 lo ń gbà nínú ìdánrawò ni, mi ò ní sọ pé kí o tún un ṣe báyìí, mo máa ní kí o padà sídìí ẹ̀kọ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: máàkì tí èèyàn ò tíì gbà rí nínú ilé, yàrá ìdánwò kì í bá a wá a. Ìwọ ti gbà á nílé. Ohun kan ló gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn.

Mo wo ibi tí èsì náà ti fi àkókò tí o lò lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn. Ìbéèrè 20 ló wà nínú Data Insights, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún ọ, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè Multi-Source Reasoning mẹ́ta tó tẹ̀léra wọn, irú èyí tí a ti ń kó ìdáhùn jọ láti ojú ewé mélòó kan, gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: wàá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wàá bọ́ sí èkejì, wàá padà sí àkọ́kọ́ torí pé o ti gbàgbé iye tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò ojú kọ̀ǹpútà á tún máa jẹ ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀. O gba méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ìbéèrè mẹ́rin, o ò ní tó ìṣẹ́jú kan fún èyíkéyìí nínú wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo sì kùnà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Graphics Interpretation, ìyẹn kíka àwòrán àtẹ, irú èyí tí o máa ń ṣe bí ẹní mumi nígbà tí o bá ń dánra wò.

Àbúrò mi, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò gbé ìdánwò kọ́ ni irú èsì yìí máa ń jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fi ìbéèrè kan sílẹ̀ ni. Bí o sì ṣe wà láti kékeré nìyẹn, ohun tí o bá dáwọ́ lé, o gbọ́dọ̀ yanjú rẹ̀ tán. Ìwà tó dára ni, mi ò fẹ́ kí o pa á tì nílé ayé. Nínú ìṣẹ́jú 45 yìí nìkan ni mo fẹ́ kí o gbé e kalẹ̀. Ìbéèrè tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, mú ìdáhùn tó bá sún mọ́ òótọ́ jù, sàmì sí i, kí o máa lọ. Wọ́n fún ọ láyè láti padà yí ìdáhùn mẹ́ta pa dà ní apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ́ àkókò kù ló lè jàǹfààní rẹ̀. Kí o sì rántí pé nínú apá yìí, ìbéèrè tó ní ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bí o bá ṣi ẹyọ kan nínú wọn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn máa jà dójú ikú.

Nǹkan kejì: o fi Data Insights sí ìkẹyìn. Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo máa yan èyí tó máa ṣáájú. Fi í ṣe àkọ́kọ́, nígbà tí ojú rẹ ṣì mọ́lẹ̀, kí Verbal tí kì í yọ ọ́ lẹ́nu gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, tún un ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé a mọ ohun tó máa yàtọ̀ nígbà tí o bá padà lọ. Bí ìdí kan ṣoṣo bá jẹ́ pé ojú ń tì ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ tó bá ọ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé, mi ò ní fọwọ́ sí i, torí ìtìjú kì í kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ.

Ìbẹ̀rù tí o sọ pé ilé ìwé máa rí èyí tó kọ́kọ́ bọ́, fi í sílẹ̀. Lóde òní, wàá rí máàkì rẹ kí o tó pinnu ibi tí o máa fi ránṣẹ́ sí, èyí tí o bá sì fi ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa rí. 595 yìí pàápàá ò ní ṣòfò: ọdún 5 ló fi wúlò. Ní ti GRE, ìdánwò mìíràn tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, àwọn ilé ìwé ń gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tuntun ni wàá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Má wulẹ̀ dà á rò.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń kọ mí lóminú jù. Òfin ní ọjọ́ 16 péré ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan àti èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Má tìtorí pé òfin gbà ọ́ láyè kí o sáré padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 16. Ìgbà kejì ìgbaniwọlé tí o ń lépa máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, àròkọ rẹ tí mo kà lọ́sẹ̀ tó kọjá ò sì tíì dára tó. Ó sọ iṣẹ́ tí o ṣe, kò sọ ìdí tí o fi fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Bí ìdánwò bá gba oṣù Kejìlá mọ́ ọ lọ́wọ́, 645 kankan ò lè gba irú àròkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo máa fẹ́ kí o mú ọjọ́ kan ní àárín oṣù Kọkànlá, lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí o bá gbà lọ́jọ́ náà, òun la máa lò.

Kí o tó sanwó, jókòó ṣe ìdánrawò kan ní wákàtí tí ìdánwò gan-an máa bọ́ sí, Data Insights ni kó ṣáájú, kí o sì máa fi ìbéèrè tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀ bí mo ṣe sọ. Fi èsì náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àkókò tí o lò lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo ti ní kí wọ́n má pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ká lè jọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ